Ọ̀gágun, Kẹ́hìndé Ń Kọ́?

Bí ẹ bá pàdé ọkùnrin kan lójú ọ̀nà Ìpájà tó wọ agbádá aláwọ̀ ewé, tó rán àmì ológun oníwúrà mọ́ èjìká agbádá ọ̀hún, ẹ má sá. Kì í ṣe ṣọ́jà. Ọnarébù Táyéwò Ọláníyan ni, ẹni tí Ẹgbẹ́ Àtùpà fà kalẹ̀ pé kó lọ ṣe aṣòfin fún Alímọ̀ṣọ́ ní Àbújá, lọ́dún 2011.

Ọnarébù ò tíì wọlé ìbò kankan rí. Páìpù omi ló ń tà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Àmọ́ ó ní oyè náà ti bá òun lára mu, òun ò sì rí ìdí tó fi yẹ kóun dúró de ìdìbò kóun tó máa jẹ́ ẹ.

Oyè tó wù ú ju Ọnarébù lọ ni Ọ̀gágun. Òun fúnra rẹ̀ ló fi jẹ ara rẹ̀, Jibril tó ń gbé gbohùngbohùn tẹ̀ lé e kiri ló sì ń bá a ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

“Ọ̀gágun, ikú tó ń pa Kútọnu láìdé Kútọnu. Ìbọn tó dún ní Ìkọ̀tún tí wọ́n sá lọ ní Sẹ̀mẹ̀. Ọkọ ibodè, àna kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹni tí ń fi ìka kan ṣoṣo fọ́ ìlú méjì.”

Bí Jibril bá ti ń sọ báyìí, ìka náà ni Ọ̀gágun máa ń gbé sókè kí gbogbo ayé lè rí i.

Àwọn olùdíje yòókù ń ṣèlérí ọ̀nà, omi ẹ̀rọ àti ilé ìwòsàn. Ọ̀gágun ní ìlérí ọmọdé nìyẹn. Ogun lòun ṣèlérí ní tòun. Ó ní lọ́jọ́ tóun bá jókòó sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, òun á fọwọ́ lu tábìlì, àwọn ọmọ ogun wa á sì gba orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Kútọnu, láàárín oúnjẹ àárọ̀ sí oúnjẹ ọ̀sán.

Kí ni Kútọnu ṣe? Ọ̀gágun ní wọ́n ń kó ìrẹsì wọlé tọ̀ wá, wọ́n ń kó tòkunbọ̀ wọlé, wọ́n ń kó tọ́kì oníyìnyín wọlé, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dùn ún jù. Ó búra pé ohunkóhun tó bá gba ibodè yẹn wọlé, ì báà ṣe ẹ̀pà ẹyọ kan, òun á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́. Jíìpù tó ń gùn kiri láti búra yìí, ibodè yẹn náà ló gbà wọlé, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò ní kó fẹsẹ̀ tẹ ìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń yọ Ọ̀gágun lẹ́nu, orúkọ rẹ̀ ni. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa gbọ́ Táyéwò tí kò ní béèrè ìbéèrè kan náà. Ì báà jẹ́ ní mọ́sáláṣí, ì báà jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gé irun rẹ̀, wọ́n á ní, “Kẹ́hìndé ń kọ́?”

“Kẹ́hìndé ò sí nílé,” ni Ọ̀gágun máa ń dáhùn. “Ó wà níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé.”

Àwọn èèyàn á mirí. Wọ́n á ní, “Háà, Páríìsì.” Ọ̀gágun ò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Á kàn gbójú sókè bí ẹni ń wo bàálù.

Ẹni tó mọ ibi tí Kẹ́hìndé wà gan-an ni Alhaja Ràbíátù, ìyá tó bí àwọn méjèèjì, tí gbogbo Ìpájà ń pè ní Ìyá Ìbejì. Kétu ni Kẹ́hìndé wà. Kì í ṣe Kétu tó wà nítòsí Máìlì Twẹ́ẹ̀lù o. Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni, níbi táwọn Yorùbá ti ń sọ Yorùbá nílé, tí wọ́n ń sọ Faransé lọ́fíìsì.

Ibẹ̀ ni wọ́n bí Alhaja fúnra rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ kiri, ti rí i tó ní òun ò lọ mọ́. Ibẹ̀ náà ló bí àwọn ìbejì sí, Kẹ́hìndé àti Táyéwò, nínú yàrá kan náà, lórí ẹní kan náà. Nígbà tí ọkọ kú, Alhaja fi Kẹ́hìndé sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá tó bí òun fúnra rẹ̀ ní Kétu, ó gbé Táyéwò dání wá sí Èkó. Òkìrìkà tó ń rà ní Kútọnu tó ń tà ní Ìkọ̀tún ló fi tọ́ ọ, òun náà ló fi rán an nílé ìwé. Ìlú tí Ọ̀gágun fẹ́ gbà yìí, ìlú tí wọ́n ti gé ìwọ́ rẹ̀ ni.

Alhaja kì í ṣe ẹni tó ń ta ko ọmọ rẹ̀ ní gbangba. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ogun kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó rò pé àwàdà ni. Ìgbà tó yá ni Táyéwò wá bá a, ó ní kó dákun má dárúkọ Kẹ́hìndé títí ìdìbò á fi kọjá. Ó ní òun ti pe Kẹ́hìndé náà lórí fóònù pé kó má ì wá sí Èkó ná. Bí Kẹ́hìndé ò ṣe wá ṣọdún Iléyá nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí dun ìyá arúgbó náà gan-an. Kò sunkún, kò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ọdún yẹn, ẹran ò dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ti dàgbà. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń bẹ Ọlọ́run fún, pé kóun tún rí àwọn ọmọ òun méjèèjì kí wọ́n jọ jẹun nínú àwo kan. Táyéwò sì ti fi odindi orílẹ̀-èdè dí i lọ́nà.

Síbẹ̀, ìwà ìyá ìbejì ò kúrò lára rẹ̀. Kò ra aṣọ ẹyọ kan rí láyé. Nígbà tí Ọ̀gágun ní kó bá òun wá aṣọ aláwọ̀ ewé tó dà bíi ti ológun fún ìpolongo, ìlọ́po méjì ló rà. Ó fún Táyéwò ní tirẹ̀, ó di ìyókù sínú ọ̀rá, ó fi rán awakọ̀ kan sí Kétu. Ọ̀gágun ò béèrè, òun náà ò sì sọ.

Lọ́jọ́ kan, Alhaja tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ sípàdé ní Àkọ̀wọ́njọ, ó jókòó sẹ́yìn, ó ń gbọ́ bó ṣe ń jagun. Nígbà tó jà tán, Charity tó ń ṣe irun ládùúgbò náà dìde.

“Ẹ káàsán sà. Láti ìgbà ààwẹ̀ ni tiransfọ́mà wa ti jó. Kí lẹ máa ṣe sí i?”

Ọ̀gágun rẹ́rìn-ín àánú. “Màdáámú, tí ogun bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo iná ìlú la máa pa kí ọ̀tá má bàa rí wa látòkè. Ẹ̀yin Àkọ̀wọ́njọ ti gbára dì. Àwọn tó níná gan-an ni mò ń káàánú.”

Gbóyèga, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó háyà ilé ní Ìgándò, náà dìde. “Sà, gọ́tà àdúgbò wa ti ya. Òjò kékeré báyìí, yàrá lomi ń sùn.”

“Kòtò tí ọ̀tá ò lè rékọjá lẹ̀ ń pè ní gọ́tà yẹn. Àwọn ìlú míì ń gba èèyàn síṣẹ́ kí wọ́n tó lè gbẹ́ ẹ. Ọ̀fẹ́ lẹ rí tiyín.”

“Ẹ ṣeun sà. Àwọn wo ló máa wá lọ jagun ọ̀hún ṣá?”

“Àwọn ọ̀dọ́ Alímọ̀ṣọ́. Akọni ni wọ́n.”

“Àwọn ọmọ tiyín ń kọ́?”

“Àwọn yẹn wà nílé ìwé ní Gánà. Wọ́n á máa gbàdúrà fún wa.”

Gbóyèga ò jókòó. “Tí wọ́n bá gba ìsinmi ń kọ́ sà? Àárín Kútọnu yẹn náà ni wọ́n máa gbà wálé.”

Ọ̀gágun ronú díẹ̀. “A máa dá ogun dúró kí wọ́n kọjá.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí, Ọ̀gágun sì rò pé wọ́n ń yìn ín. Bàbá kan tó ti ń tòògbé lápá kan wá ta jí, ó béèrè orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, wọ́n ní Táyéwò ni. Bàbá ní, “Ẹn-ẹ́n. Kẹ́hìndé ń kọ́?” Ìpàdé tú ká.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹgbẹ́ ní àwọn fẹ́ ṣe ìpàdé ńlá ní pápá ilé ìwé kan ní Ìgándò. Olóyè Zacchaeus, alága ẹgbẹ́, ni yóò wá fúnra rẹ̀ láti gbé àsíá lé Ọ̀gágun lọ́wọ́. Gbogbo ètò ti tò, àfi oúnjẹ.

Ìrẹsì ni wọ́n máa ń fún èèyàn nírú ibẹ̀. Ọ̀gágun sì ti búra pé hóró ìrẹsì Kútọnu kan ò ní dé ibi tóun bá wà. Jibril lọ sí Ṣáṣá, ó wá gbogbo ọjà ká, ó ní kò sí àpò ìrẹsì kan tóun lè búra fún níbẹ̀. Ọ̀gágun bá tọ ìyá rẹ̀ lọ ní kíchìnì.

“Màámi, ẹ bá wa se ẹ̀wà lọ́jọ́ Sátidé. Irú èyí tẹ́ ẹ máa ń sè yẹn, elépo. Ẹ̀wà Ogun la máa pè é.”

“Ẹ̀wà ìbejì?”

“Ẹ̀wà ṣá ni, Màámi.”

“Táyé, ẹ̀wà yẹn kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ni ín. Mi ò sè é fún ọ̀kan rí.”

Ọ̀gágun ń kánjú, Jibril ń fun fèrè ọkọ̀ níta. “Ẹ sè é lórúkọ àwa méjèèjì nígbà yẹn. Ṣé ó tán?”

“Ó tán,” ni Alhaja wí. “Mo gbọ́.”

Jíìpù ò tíì kúrò lẹ́nu géètì tí Alhaja fi gbé fóònù.

“Kẹ́hìndé, Sátidé ni mo máa se ẹ̀wà yín.”

“Ṣé Táyé ti wá ní kí n máa bọ̀?”

“Òun ló ní kí n sè é lórúkọ ẹ̀yin méjèèjì. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.”

Kẹ́hìndé bú sẹ́rìn-ín. Àgbẹ̀ ọlọ́sàn ni, ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dé ibodè kó tó tán. “Màá mú ọsàn dání,” ló wí.

Lọ́jọ́ Sátidé, pápá Ìgándò kún fọ́fọ́. Wọ́n gbé ìkòkò ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, Alhaja jókòó tì í, ó di ìgbakọ mú. Olóyè Zacchaeus ti dé, ó ti jókòó, ó ti ń wo aago. Ọ̀gágun nìkan ni ò tíì dé. Ó wà nínú jíìpù ní Ìkọ̀tún, ó ní ọ̀gágun kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń bá níbi ìpàdé, èèyàn ló ń dúró dè é. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ara àwọn èèyàn yá gágá kóun tó yọ.

Ibi tí Jibril ti ń fi oríkì dá àwọn èèyàn dúró ló ti rí i tí ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà pápá. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ọsàn. Agbádá aláwọ̀ ewé ló wọ̀. Ojú Ọ̀gágun ló wà lójú rẹ̀, imú Ọ̀gágun ló wà nímú rẹ̀. Kò sí àmì wúrà léjìká, Jibril sì rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

“Ó ti dé o,” ni Jibril kígbe. “Ọ̀gágun tó ní jíìpù tó ń gun ọ̀kadà. Mẹ̀kúnnù ọlọ́lá. Ẹ gbé e.”

Àwọn ọ̀dọ́ sáré, wọ́n gbé e sórí èjìká, wọ́n gbé ọsàn rẹ̀ náà. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́ sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n gbé e dé orí pèpéle, wọ́n fi gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́. Alhaja ṣí ìkòkò ẹ̀wà. Inú rẹ̀ dùn gan-an.

“Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ ṣeun o,” ni Kẹ́hìndé wí. “Mi ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ìbejì tó báyìí.”

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Jibril sún mọ́ ọn, ó sọ sí i létí pé, “Ọ̀rọ̀ Kútọnu, sà. Kí ni ká ṣe fún Kútọnu?”

“Kútọnu?” ni Kẹ́hìndé sọ sínú gbohùngbohùn. “Ẹ máa bọ̀ jàre. Tẹ́ ẹ bá dé Kétu, ẹ ní Kẹ́hìndé ọlọ́sàn lẹ̀ ń wá, ọmọdé ibẹ̀ á mú yín délé. Ilé gba èèyàn, ibùsùn wà.”

Àwọn èèyàn ń wo ara wọn lójú. Gbóyèga ló kọ́kọ́ béèrè. “Ogun ń kọ́ sà?”

“Ogun kẹ̀? Ta ló ń jà? Ẹ ní kí wọ́n fara balẹ̀, kí wọ́n wá gba ọsàn.” Kẹ́hìndé nu ojú. “Ẹ gbọ́ ná. Gọ́tà kan wà lọ́hùn-ún tí ọ̀kadà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi sínú ẹ̀. Ṣé ẹ ò ní olórí níbí ni? Ẹ ò sọ fún un kó wá tún un ṣe?”

Ariwo sọ. Charity fò sókè, ó ń pàtẹ́wọ́ lórí. Láti ìgbà tí ìpolongo ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa dúró lórí pèpéle Ẹgbẹ́ Àtùpà tó máa pe gọ́tà ní gọ́tà. Olóyè Zacchaeus fara balẹ̀ nínú àga, ó sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ọmọ yìí ti wá ní làákàyè, òun sì ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ láti fa ẹlòmíì kalẹ̀.

Ìgbà náà ni sáírìnì dún. Jíìpù wọ pápá, ilẹ̀kùn ṣí, Ọ̀gágun sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àmì wúrà léjìká, ó gbé ìka sókè. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń wò ó, wọ́n ń wo orí pèpéle, wọ́n tún ń wò ó. Òun náà gbójú sókè, ó bá ara rẹ̀ tó ti ń sọ̀rọ̀.

Gbohùngbohùn kejì bọ́ lọ́wọ́ Jibril.

“Ẹ mú un,” ni Ọ̀gágun kígbe, ó ń gun pèpéle. “Amí Kútọnu ni. Wọ́n rán an wá. Ó jí ojú mi wọ̀.”

“Táyé,” ni Kẹ́hìndé wí, gbogbo pápá sì ń gbọ́ ọ, “ta ló rán nǹkan wọ̀nyí mọ́ ẹ léjìká? Aṣọ yìí dáa bí Màámi ṣe fi ránṣẹ́.”

“Mi ò mọ̀ ọ́n rí,” ni Ọ̀gágun wí.

Alhaja dìde. Pápá náà tóbi, ohùn rẹ̀ ò sì le, ṣùgbọ́n àwọn tó wà níwájú dákẹ́ kí àwọn ẹ̀yìn lè gbọ́.

“O ò mọ ta ni, Táyéwò? Orí ẹní kan náà ni mo bí yín sí, ní Kétu tí o fẹ́ fọ́. Gbogbo ayé ti ń bi ọ́ léèrè Kẹ́hìndé láti ọjọ́ yìí. Òun nìyẹn. Dá wọn lóhùn.”

Ọ̀gágun rọra sọ ìka rẹ̀ kalẹ̀.

“Ẹ̀wà yìí,” ni Alhaja tún wí, “láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń rákò ni mo ti ń sè é. Táyé ló ní kí n sè é lórúkọ ẹ̀yin méjèèjì. Ọmọ mi ni ẹ̀yin méjèèjì. Mi ò bí ọ̀tá kankan.”

Ìyá kan láàárín èrò, tí wọ́n ń pè ní Sìdíkátù, tó bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì, ló pariwo láti ibi tó dúró sí. “Ọ̀gágun, ta ni ẹ̀gbọ́n nínú yín?”

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìdáhùn lórí pápá yẹn. Táyéwò ló kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé ló rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dára. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lápá kan, apá kejì gbà á lẹ́nu wọn. “Dọ̀bálẹ̀. Dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ẹ.”

Ọ̀gágun wo Olóyè Zacchaeus. Olóyè ń ká àsíá ẹgbẹ́ padà sínú ọ̀rá rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó wo Jibril. Jibril ń wo bàtà. Ó wá wo ìyá rẹ̀, ó rí omi lójú rẹ̀, omi yẹn sì ni ogun kan ṣoṣo tó ṣẹ́gun rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pèpéle níwájú Kútọnu, pẹ̀lú agbádá àti àmì wúrà. Àmì ọwọ́ òsì já, ó yí lọ sábẹ́ àga.

“Ó dáa, dìde,” ni Kẹ́hìndé wí, ó gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. “O ti sanra. Wá, bá mi gbé apẹ̀rẹ̀ yẹn, kó o pín ọsàn fáwọn èèyàn.”

Bó ṣe di pé ẹni tó fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀pà ẹyọ kan láti Kútọnu ru apẹ̀rẹ̀ ọsàn Kútọnu nìyẹn, ó gbé e ká gbogbo pápá, tó ń bẹ̀rẹ̀ fún tàgbà tọmọdé. Nígbà tó dé iwájú Charity, Charity mú ọsàn méjì.

“Ọ̀gágun, ọsàn ibo nìyí?”

“Ẹ ṣá jẹ ẹ́,” ni Ọ̀gágun wí.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Alhaja bu ẹ̀wà sínú àwo kan ṣoṣo, ó gbé e sáàárín àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó jókòó, ó ń wò wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ò jẹ. Ó ní òun ti yó.

Ẹgbẹ́ Àtùpà ò wọlé. Àwọn tó ka ìbò ní Ìgándò ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló kọ Kẹ́hìndé Ọlọ́sàn gàdàgbà sórí ìwé ìdìbò, ìyẹn sì ba ìbò wọn jẹ́. Táyéwò padà sídìí páìpù ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó tú àmì wúrà tó kù léjìká agbádá. Gọ́tà àwọn Gbóyèga ṣì wà níbẹ̀, kò sí ọ̀tá tó rékọjá rẹ̀ títí dòní.

Àwọn oníbàárà ò sì jẹ́ kó gbàgbé. Ẹni tó fẹ́ ra táàpù ẹyọ kan, á kọ́kọ́ fara ti káńtà, á rọra rẹ́rìn-ín, á ní, “Ọ̀gágun, Kẹ́hìndé ń kọ́?”

Táyéwò kì í wòkè mọ́.

“Ó wà ní Kétu,” lá wí, á sì máa wá táàpù. “Ó ní kí n kí yín.”